Ìdí tí mo fi kó àwọn tó ń finú hàn mí lọ sórí Signal

Iṣẹ́ mi ni kí n gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ gbọ́. Àwọn obìnrin tí oyún bàjẹ́ lára wọn, àwọn tí ọmọ kú mọ́ lọ́wọ́, àwọn tó ti ń retí ọmọ láti ọjọ́ pípẹ́, àwọn ló ń wá sọ́dọ̀ mi kí a jọ jókòó sọ̀rọ̀. Ó ti lé ní ọdún mẹ́rìndínlógún tí mo ti ń ṣe é. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, inú yàrá kan tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì ń parí sí. Nígbà tó yá, fóònù wọ̀ ọ́. Ẹni tí kò rí oorun sùn ní aago méjì òru á tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ẹlòmíràn á gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, á sì máa sunkún lórí rẹ̀. Mo ń dá wọn lóhùn. Mi ò ro ohun kan sí i.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan wọlé, kò tíì jókòó tó fi na fóònù rẹ̀ sí mi. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ta ni ẹni yìí?" Áàpù kan tí àwọn èèyàn fi ń bá ara wọn ṣọ̀rẹ́ lórí ayélujára, tí mi ò ní dárúkọ, ló to àwòrán àwọn èèyàn síwájú rẹ̀ pé ó ṣeé ṣe kó mọ̀ wọ́n. Mo wo ojú márààrún tó wà níbẹ̀, àyà mi já. Mẹ́ta nínú wọn ló ń wá sọ́dọ̀ mi. Ọ̀kan nínú wọn máa ń wá ní Ọjọ́rú, bí èyí bá ṣe ń jáde lòun náà ń wọlé, gbogbo agbára mi ni mo sì ń sà kí wọ́n má pàdé lẹ́nu ọ̀nà. Wọn kò mọ ara wọn rí. Wọn kò ní ọ̀rẹ́ kan pọ̀. Obìnrin náà wo ojú mi, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀: "Ṣé ọmọ tiẹ̀ náà kú ni?" Mi ò lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, mi ò lè sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo dákẹ́, ìdákẹ́ mi sì ti dá a lóhùn.

Láti ọjọ́ náà, kò padà wá mọ́.

Gbogbo alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo fi wá ibi tí ọ̀rọ̀ náà gbà jáde. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́, èmi gan-an sì ni mo la ògiri náà. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé áàpù yẹn sórí fóònù mi, ó bi mí bóyá kí òun wo àkójọ nọ́ńbà mi, mo tẹ "bẹ́ẹ̀ ni" kí n lè tètè wọlé. Àwọn obìnrin yẹn náà, tí nọ́ńbà mi wà lórí fóònù tiwọn, ti tẹ "bẹ́ẹ̀ ni" tiwọn. Kọ̀ǹpútà kan níbì kan kàn so nọ́ńbà mọ́ nọ́ńbà ni: ẹni yìí mọ obìnrin yìí, ẹni yẹn náà mọ̀ ọ́n, á jẹ́ pé àwọn méjèèjì lè mọ ara wọn. Kò sẹ́ni tó ka ọ̀rọ̀ wa. Kò sẹ́ni tó nílò kó kà á.

Nítorí náà, nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá áàpù mìíràn, mi ò wá èyí tó ń búra pé òun á tọ́jú àṣírí mi dáadáa. Gbogbo wọn ló ń búra. Èyí tí kò ní àṣírí mi lọ́wọ́ rárá ni mò ń wá. Òṣùwọ̀n tí mo fi wọn Signal, áàpù tí a fi ń tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ tí a sì fi ń pe ara wa, nìyẹn, òun náà ni mo sì fi ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbí, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ó lé díẹ̀ tí mo ti ń lò ó lójoojúmọ́.

Ohun tó kọ́kọ́ mú mi gbà wọ́n gbọ́ kì í ṣe ìpolówó. Ní ọdún 2016, ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní Virginia, ní Amẹ́ríkà, fi ìwé àṣẹ ránṣẹ́ sí Open Whisper Systems, ìyẹn àwọn tó ń ṣe Signal nígbà náà, pé kí wọ́n kó gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀ nípa nọ́ńbà fóònù méjì kan wá. Wọ́n kó o wá lóòótọ́. Ọ̀kan nínú nọ́ńbà náà kò tilẹ̀ sí lórí Signal. Nípa èkejì, ohun méjì péré ni wọ́n ní: ọjọ́ àti wákàtí tí ẹni náà forúkọ sílẹ̀, àti ọjọ́ tó lò ó kẹ́yìn. Kò sí orúkọ, kò sí àkójọ ọ̀rẹ́, kò sí gúrúùpù, kò sí àkọsílẹ̀ ẹni tó pè àti ẹni tó pè é. Mo ka ìtàn yìí lẹ́ẹ̀mejì. Bí ilé ẹjọ́ bá fi ipá béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹni, tí ohun tí a ní kò ju ìlà méjì lọ, ìyẹn tó mi. Kò sí bí mo ṣe fẹ́ dán ilé iṣẹ́ kan wò fúnra mi tó le tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan lè rò pé mò ń ṣe àṣejù, pé níwọ̀n ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò bá ti ka ọ̀rọ̀ gan-an, kí ló kù? Mo fẹ́ kí wọ́n bá mi wo ìwé àkọsílẹ̀ kan tí mo finú rò. Obìnrin kan pe ilé ìwòsàn ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Ó tún pe ibi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́sàn-án. Ó pe ọkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà láàárín wákàtí kan. Ní aago mọ́kànlá alẹ́, ó pè mí, a sì wà lórí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Lẹ́yìn náà, kò pe ẹnikẹ́ni fún ọjọ́ mẹ́rin. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe, kí ló tún kù tó fẹ́ gbọ́?

Irú àkọsílẹ̀ yìí gan-an ni gbogbo ayé gbọ́ nípa rẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2013, nígbà tí àwọn ìwé tí Edward Snowden, tó ti bá NSA, àjọ amí tó ń tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ fún ìjọba Amẹ́ríkà, ṣiṣẹ́ rí, kó síta fi hàn pé ilé ẹjọ́ ìkọ̀kọ̀ kan níbẹ̀ ti pàṣẹ fún ilé iṣẹ́ tẹlifóònù Verizon kó máa kó àkọsílẹ̀ ìpè àwọn oníbàárà rẹ̀ fún NSA lójoojúmọ́: ta ló pe ta, nígbà wo, fún ìṣẹ́jú mélòó. Ohùn àwọn èèyàn kò sí nínú rẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Michael Hayden, tó ti darí NSA àti CIA rí, sọ ní gbangba pé irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn gùn lé tí àwọn fi ń pa èèyàn. Bí ó bá tó gùn lé láti pa èèyàn, ó tó gùn lé láti mọ̀ pé oyún obìnrin kan ti bàjẹ́.

Ìdáhùn mi nìyí fún àwọn tó ń bi mí pé kí ló dé tí mi ò dúró sórí WhatsApp. Wọ́n ní WhatsApp náà ń pa ọ̀rọ̀ ní àrokò, ìyẹn ni pé ó ń yí i padà sí ohun tí ẹni tó ránṣẹ́ àti ẹni tó gbà á nìkan lè kà. Òótọ́ ni wọ́n sọ, mi ò sì ní bu ẹnu àtẹ́ lu ohun tó dára: láti ọdún 2016, àrokò tí àwọn ará Signal ṣe ni WhatsApp ń lò, kò sì sí ẹni tó lè jókòó sí àárín ka ọ̀rọ̀ tí ẹni méjì ń bá ara wọn sọ níbẹ̀. Àmọ́ Meta, ilé iṣẹ́ tó ni Facebook, ló ni WhatsApp, ìpolówó ọjà ni Meta sì ń jẹ. Inú ìlànà tí WhatsApp fúnra rẹ̀ kọ sílẹ̀ ni mo ti kà á pé wọ́n ń kó bí a ṣe ń lò ó àti ìgbà tí a ń lò ó, irú fóònù tó wà lọ́wọ́ wa, àti agbègbè tí a wà, wọ́n sì ń fún àwọn ilé iṣẹ́ Meta yòókù lára rẹ̀. Lẹ́tà wà nínú àpòòwé tó lẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé e kiri ń kọ ohun tó wà lẹ́yìn àpòòwé sílẹ̀.

Signal gbìyànjú láti mú ohun tó wà lẹ́yìn àpòòwé náà kúrò. Láti ọdún 2018 ni wọ́n ti ṣe é kí orúkọ ẹni tó ń ránṣẹ́ wọ inú àpòòwé pẹ̀lú lẹ́tà. Orúkọ ẹni tó máa gbà á nìkan ló kù níta, nítorí wọ́n ṣáà gbọ́dọ̀ mọ ibi tí wọ́n ń gbé e lọ. Àbúrò mi ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi báyìí. Òun náà ló sọ pé kọ́kọ́rọ́ tó ń ti ọ̀rọ̀ pa ń yí padà lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tí a bá fi ránṣẹ́, iṣẹ́ tí Trevor Perrin, onímọ̀ àrokò, àti Moxie Marlinspike, olùdásílẹ̀ Signal, ṣe ní ọdún 2013, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá jí kọ́kọ́rọ́ òní kò lè fi ṣílẹ̀kùn àná. Mo bi í pé kí ló kàn mí nípa ìyẹn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, àwọn kan wà tó ń kó ọ̀rọ̀ tí wọn kò lè kà lónìí jọ, tí wọ́n ń dúró de kọ̀ǹpútà tó máa lè kà á lọ́la." Òtútù mú mi. Ọmọ tí wọ́n bá bí lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ẹkún á ti dàgbà nígbà náà. Ó lè fi ojú ara rẹ̀ ka ohun tí ìyá rẹ̀ sọ fún mi lóru. Ó wá sọ fún mi pé ní ọdún 2023, Signal ti fi irú àrokò mìíràn kún ti tẹ́lẹ̀ nítorí irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí láti lò ó gan-an. Lọ́jọ́ tí mo gbé e sórí fóònù, ó béèrè àkójọ nọ́ńbà mi bíi ti gbogbo àwọn yòókù. Mo sọ pé rárá. Kò bínú, kò dí mi lọ́nà, kò tún padà wá bẹ̀ mí lọ́la. Mò ń fi ọwọ́ ara mi tẹ nọ́ńbà ẹni tí mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n mo gba ìpẹ́ yẹn. Kódà ẹni tó bá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ti ṣètò láti ọdún 2017 kí sáfà wọn, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tí ọ̀rọ̀ ń gbà kọjá, lè wá ọ̀rẹ́ ẹni rí láìjẹ́ kí àkójọ náà hàn sí wọn. Mo gbà á gbọ́. Síbẹ̀, nọ́ńbà àwọn obìnrin yìí kì í ṣe tèmi tí mo lè fi dán nǹkan wò.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù lọ nínú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó ń pòórá. Mo lè yan ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ọ̀sẹ̀ kan, ọjọ́ kan, títí dé ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, tí àkókò yẹn bá sì ti pé, ọ̀rọ̀ náà á parẹ́ lórí fóònù àwa méjèèjì. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo yàn fún gbogbo ẹni tó ń bá mi sọ̀rọ̀. Ó jọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nínú yàrá mi tẹ́lẹ̀: a sọ ọ́, a gbọ́ ọ, ó wọnú wa lọ, kò dúró sórí tábìlì. Àwọn obìnrin kan sọ fún mi pé ìgbà tí wọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà máa lọ ni wọ́n tó lè sọ ọ́. Obìnrin kan tẹ orúkọ tó fẹ́ sọ ọmọ rẹ̀ tó kú ránṣẹ́ sí mi. Kò sọ ọ́ létí ẹnikẹ́ni rí. Lẹ́yìn ọjọ́ méje, orúkọ náà kúrò lójú fóònù. Ó kù sọ́kàn àwa méjèèjì. Àmọ́ mo máa ń kìlọ̀ fún wọn pé kò sí áàpù tó lè dá ọwọ́ ẹni tó bá fẹ́ fi fóònù mìíràn ya àwòrán ojú fóònù dúró.

Ohun mìíràn wà tí ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e sórí fóònù lè má kíyè sí, òun náà ni ohun tó ń hàn lójú fóònù nígbà tí ọ̀rọ̀ bá wọlé. Nígbà tí mo ṣì ń lo áàpù mìíràn, mo fi ìbéèrè kan ránṣẹ́ sí obìnrin kan nípa oyún rẹ̀. Orí tábìlì ni fóònù náà wà, iná rẹ̀ tàn, ìyá ọkọ rẹ̀ sì kà á. Ilé náà kò tíì mọ̀ pé oyún wà, áńbọ̀sìbọ́sí kí wọ́n mọ̀ pé ó ti bàjẹ́. Àrokò kò ṣe nǹkan kan lórí ìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ibi tó ń lọ ná. Nínú ìṣètò Signal, lábẹ́ ìfitónilétí, ààyè wà láti ní kí orúkọ àti ọ̀rọ̀ má hàn rárá, kó kàn sọ pé ọ̀rọ̀ tuntun wọlé. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló máa ń wà fúnra rẹ̀. Àwa la máa yí i padà. Kí ẹnikẹ́ni tó fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí mi báyìí, a jọ máa ń jókòó yí i padà lórí fóònù rẹ̀ ni. Níbi ìjókòó yẹn kan náà la ti máa ń fi nọ́ńbà ààbò wé ara wọn. Ó jẹ́ òǹkà gígùn kan, tí nọ́ńbà inú rẹ̀ jẹ́ ọgọ́ta, tí áàpù náà ṣe fún àwa méjèèjì. Bí ti orí fóònù mi bá bá ti orí fóònù rẹ̀ mu, kò sí ẹni kẹta láàárín wa. Ó yá láti ṣe bí fóònù méjèèjì bá wà nítòsí ara wọn: ọ̀kan á kàn ya àmì tó wà lójú èkejì. Fún ìpè, mo tan ètò tó ń gba ìpè kọjá lórí sáfà Signal, kí ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ má bàa rí àdírẹ́sì ẹ̀rọ mi tó lè tọ́ka sí agbègbè tí mo wà.

Mo ti yìn ín tó. Àléébù rẹ̀ wà, ọ̀kan sì dùn mí gan-an.

Signal kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni forúkọ sílẹ̀ láìní nọ́ńbà fóònù. Ilé iṣẹ́ tó ń sọ pé àwọn kò fẹ́ mọ̀ wá, ohun tó kọ́kọ́ béèrè náà ni ohun tó so mọ́ orúkọ wa jù lọ láyé yìí. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni tí mo bá bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ló máa rí nọ́ńbà mi. Ó di oṣù Kejì ọdún 2024 kí wọ́n tó mú orúkọ aṣàmúlò wá: orúkọ tí a bá fẹ́, tí nọ́ńbà méjì ó kéré tán máa wà ní ìparí rẹ̀, tí a lè fún èèyàn dípò nọ́ńbà fóònù, tí a sì lè pa rẹ́ nígbà tó bá wù wá. Ìyẹn tún iṣẹ́ mi ṣe. Mo tẹ orúkọ aṣàmúlò mi sórí káàdì, mo sì lọ sí ibi ìṣètò, mo sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lè fi nọ́ńbà wá mi rí. Ṣùgbọ́n láti forúkọ sílẹ̀, nọ́ńbà náà ṣì pọn dandan. Ewu rẹ̀ hàn ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022, nígbà tí àwọn olè orí ayélujára tan àwọn òṣìṣẹ́ Twilio jẹ, ilé iṣẹ́ tó ń bá Signal fi kóòdù ìforúkọsílẹ̀ ránṣẹ́, tí nọ́ńbà àwọn aṣàmúlò tó tó 1,900 sì bọ́ sí ewu. Àwọn olè náà kò rí àkójọ ọ̀rẹ́ ẹnikẹ́ni, wọn kò sì rí ọ̀rọ̀ àtẹ̀yìnwá kankan kà, nítorí pé kò sí ní sáfà tí wọ́n lè ti kó o. Ohun tí kò sí nínú àpò ni olè kò lè jí. Nítorí ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ tan ohun tí wọ́n ń pè ní registration lock, kó lè jẹ́ pé ẹni tó bá gba nọ́ńbà yín ṣì máa nílò PIN yín, nọ́ńbà àṣírí tí ẹ yàn lórí Signal.

Àléébù kejì, mo fi ara mi jìyà rẹ̀, ẹ̀bi mi sì ni. Fóònù mi bọ́ sínú omi, mi ò sì tíì tan ẹ̀dà ìpamọ́. Gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ lọ. Àwọn ọ̀rọ̀ tó yẹ kó pòórá kò dùn mí. Àtòjọ àwọn tí mò ń bá sọ̀rọ̀ ló dùn mí, nítorí ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó rí gbogbo wọn padà. Ẹni tí kò fi nǹkan wa pamọ́ sọ́dọ̀ ara rẹ̀ kò ní í lè dá a padà fún wa. Àǹfààní yẹn àti àléébù yìí, ohun kan náà ni. Ní ọdún 2025, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ̀dà ìpamọ́ tó wà lórí sáfà wọn ní àrokò, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ tí lẹ́tà àti nọ́ńbà inú rẹ̀ jẹ́ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Bí kọ́kọ́rọ́ náà bá sọnù, àwọn fúnra wọn kò lè ṣí i. Mo kọ tèmi sórí ìwé, mo fi í sínú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́.

Ewu tó kù wá láti ọwọ́ èèyàn. Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, gbogbo ayé gbọ́ bí àwọn aláṣẹ ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ń jíròrò ogun ní Yemen nínú gúrúùpù kan lórí Signal, tí wọ́n sì ṣèèṣì fi olóòtú ìwé ìròyìn The Atlantic kún un. Àrokò náà kò já. Ọwọ́ ló ṣì. Mi ò lo gúrúùpù fún àwọn obìnrin mi láéláé, mo sì fẹ́ kí àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ mi má lò ó. Oṣù kan ṣáájú ìyẹn, Google ti kéde pé àwọn ajínilọ́rọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ fún Rọ́ṣíà ń tan èèyàn láti ya àmì QR tó máa so Signal wọn mọ́ ẹ̀rọ ẹlòmíràn, tí gbogbo ọ̀rọ̀ á wá máa dé ibi méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń ṣí ibi tí wọ́n to àwọn ẹ̀rọ tó so mọ́ àkáǹtì mi sí. Èyí tí mi ò bá mọ̀, mo máa yọ ọ́ ni.

Owó ńkọ́? Mo béèrè, nítorí ohun tí a kò sanwó rẹ̀, ẹnì kan ló ń san án. Àjọ tí kì í wá èrè ló ni Signal. Brian Acton, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó dá WhatsApp sílẹ̀, fi mílíọ̀nù 50 dọ́là dá àjọ náà sílẹ̀ pẹ̀lú Moxie Marlinspike ní ọdún 2018, lẹ́yìn tó ti kúrò lọ́dọ̀ Facebook. Ọrẹ àwọn èèyàn ló tún ń gbé e ró. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, àwọn fúnra wọn tú ìwé ìnáwó wọn síta, wọ́n ní tó bá máa fi di ọdún 2025, ó máa gbà tó mílíọ̀nù 50 dọ́là lọ́dún. Mo rí i níbẹ̀ pé kóòdù ìforúkọsílẹ̀ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sórí nọ́ńbà fóònù ń jẹ tó mílíọ̀nù 6 dọ́là lọ́dún nígbà náà. Nọ́ńbà fóònù yìí kan náà! Ó ń ná wọn lówó, ó sì ń ná wa ní àṣírí. Mo ń fi ìwọ̀nba ránṣẹ́ sí wọn lóṣooṣù, mo sì ń kọ ọ́ sí wọn pé kí wọ́n wá ọ̀nà mìíràn.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé Signal á bo gbogbo ara. Kò kan ìkànnì tí mò ń ṣí, kò kan àwọn olùpolówó tó ń tọpa mi láti ojú ìwé kan dé òmíràn. Fún ìyẹn, Firefox ni mo fi ń ṣí ìkànnì, pẹ̀lú uBlock Origin tó ń dí àwọn ìpolówó àti àwọn tó ń tọpa ẹni, mo sì ti gba àyè wíwo ibi tí mo wà àti àkójọ nọ́ńbà mi lọ́wọ́ áàpù gbogbo tí kò nílò rẹ̀. Ó gbà mí ní ìrọ̀lẹ́ kan.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ tí kì í jẹ́ kí n dákẹ́: "Èmi ò ní nǹkan tí mò ń fi pamọ́." Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Èmi náà, bí ẹ bá kó ìgbésí ayé tèmi síta, ìwọ̀nba ni ojú á tì mí. Àmọ́ àkójọ nọ́ńbà tó wà lórí fóònù mi kì í ṣe ìgbésí ayé tèmi. Lọ́jọ́ tí mo tẹ "bẹ́ẹ̀ ni", àwọn obìnrin mọ́kànléláàádọ́rin ni mo tẹ̀ ẹ́ fún láìbi ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Mo fún Signal ní ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Ẹyọ kan tó kù, nọ́ńbà fóònù ló mú un lọ.

Ní ọdún tó kọjá, ọ̀rọ̀ kan wọlé láti ọ̀dọ̀ orúkọ aṣàmúlò kan tí mi ò mọ̀. Nọ́ńbà kankan kò hàn. Ẹnì kan ló ti fún un ní káàdì mi. "Àǹtí, èmi ni. Ṣé wọn ò ní rí wa níbí?" Mo mọ̀ ọ́n kó tó sọ orúkọ. Mo sọ ohun tí mo mọ̀ fún un, mo sọ àwọn àléébù tí mo ti sọ yìí náà, mi ò fi ọ̀kan pamọ́, mo sì sọ fún un pé kó kọ́kọ́ lọ yí ìfitónilétí rẹ̀ padà kó tó sọ ohunkóhun. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá. Ó kọ ọ́ pé òun ti yí i. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.